Bàálù tó ń sinmi nínú aṣálẹ̀: ohun tí àwọn ará Èkìtì ń béèrè

Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni bàálù kọ́kọ́ balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Èkìtì ní ọ̀nà Adó sí Ìjàn. Rọ́nwéè ibẹ̀ gùn tó kìlómítà 3.2, ilẹ̀ sì wà yí i ká. Ẹni tó bá ti rí àwòrán bàálù rẹpẹtẹ tó tò sínú aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà lórí fóònù, tó tún wá wo ilẹ̀ yẹn, kò ní ṣàì béèrè pé: kí ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún, ṣé a kò sì lè ṣe é níbí? Ìdáhùn rèé.

Kí ló gbé bàálù dé aṣálẹ̀? Ṣé àyè tán níbòmíràn ni?

Àyè kò tán. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀. Omi ló ń jẹ irin, pàápàá omi tí ojú kò rí, ìyẹn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Bí ọ̀rinrin yìí bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 60 nínú 100, irin tí kò ní ọ̀dà lára á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún wéré. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe ara bàálù kì í pọ́n bí irin, àmọ́ ó ní àrùn tirẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun á yọ létí ibi tí wọ́n ti kan ìṣó mọ́ ọn, á yọ́ wọ abẹ́ ọ̀dà, lẹ́yìn náà alumíníọ̀mù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ya ní ìpele ìpele bí ìwé tí òjò pa. Ẹni tó bá wo ọ̀dà lókè lè máà rí nǹkan kan. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ní Tucson, ìpínlẹ̀ Arizona, òjò ọdún kan gbáko kò ju nǹkan bí mìlímítà 300 lọ. Ní Alice Springs, láàárín gbùngbùn Ọsirélíà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Tiwa l'Ékìtì ju 1,200 lọ. Òjò oṣù méjì péré nígbà tí òjò wa bá ń rọ̀ dáadáa lè ju ti ọdún kan wọn lọ.

Ìdí kejì ni ilẹ̀. Erùpẹ̀ apá ibẹ̀ yẹn ní ìpele kan tó le bí sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n ń pè ní caliche. Bàálù ńlá lè dúró lé e fún ọdún mẹ́wàá láìsí pé wọ́n da kọnkéré sábẹ́ rẹ̀. Ìdí kẹta ni pé púpọ̀ nínú àwọn ibẹ̀ jẹ́ bárékè òfuurufú ológun tí ìjọba ti pa tì, tí rọ́nwéè gígùn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí owó ilẹ̀ kò sì wọ́n.

Níbo gan-an ni?

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti Davis-Monthan ní Tucson. Ológun ló ni ín, láti ọdún 1946, bàálù ogun ló sì kún ibẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwòrán ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń pín kiri tí wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ibi tí bàálù èrò ń kú sí nìyí. Irọ́ ni. Àwọn bàálù èrò máa ń lọ sí Pinal Airpark ní Marana, tí kò jìnnà sí Tucson, tàbí Goodyear àti Kingman ní Arizona kan náà. Mojave àti Victorville ní California. Roswell ní New Mexico. Ní Yúróòpù, Teruel ní Sípéènì ló gbajúmọ̀ jù, ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i. Tarbes ní ilẹ̀ Faransé kì í ṣe aṣálẹ̀, iṣẹ́ títú bàálù palẹ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Alice Springs ni àwọn ilé iṣẹ́ òfuurufú Éṣíà sáré kó tiwọn lọ nígbà kòrónà.

Ṣé òkú bàálù ni gbogbo wọn?

Rárá, ibí sì ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Àwọn kan kàn ń dúró de iṣẹ́ ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ti ojú òfuurufú pa, bàálù èrò tó lé ní 16,000 ló wà nílẹ̀ kárí ayé. Púpọ̀ nínú wọn ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn mìíràn ń dúró de ẹni tí yóò rà wọ́n tàbí tí yóò yá wọn lò. Àwọn tó kù ni wọ́n máa tú ta. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí yóò padà fò, ẹ wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀rá àti téèpù dì í dáadáa, ìrètí ń bẹ. Bí ihò lásán bá wà níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, tí wọ́n so òkúta kọnkéré mọ́ abẹ́ apá rẹ̀, ẹlòmíràn ti ń fi ẹ́ńjìnnì náà fò. Òkúta yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ìwúwo ẹ́ńjìnnì bá kúrò lápá, bàálù lè fi ìdí jókòó, ìjì sì lè máa gbé apá náà jù sókè sódò.

Kí ló ń sọ bàálù di arúgbó?

Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Gbogbo ìgbà tí bàálù bá gbéra, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kí èrò lè mí, ara rẹ̀ á sì wú díẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù tí a fẹ́. Bó bá balẹ̀, á tún joro padà. Wíwú àti jíjoro yìí ni wọ́n ń kà. Boeing 737 tí wọ́n ṣe fún ìrìn àjò kúkúrú, ìgbà 75,000 ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. 747 tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, 20,000. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1988, òrùlé 737 kan ti ilé iṣẹ́ Aloha ya kúrò lójú òfuurufú ní Hawaii. Bàálù náà ti gbéra ní ìgbà tó lé ní 89,000, láàárín àwọn erékùṣù tí afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun kún. Iyọ̀ ń jẹ ẹ́, wíwú àti jíjoro ń sán an.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ bàálù kì í dúró dé ibẹ̀ yẹn. Owó ló ń lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún 20 sí 25, àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n máa ń tú gbogbo inú rẹ̀ síta fún lè gba owó tó ju iye tí bàálù náà tó tà lọ, bàálù tuntun sì ń mu epo tó kéré sí i. Kódà, èyí tí kò tíì gbó lè lọ. Lára àwọn A380, bàálù alájà méjì ti Airbus, tí Singapore Airlines kọ́kọ́ lò láti ọdún 2007, wọ́n ti tú méjì palẹ̀ ní Tarbes kí wọ́n tó pé ọdún 13. Ẹni tí yóò tún gbà wọ́n lò ni kò sí, nígbà tí olówó ń sáré wá ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ wọn.

Ta ló ni wọ́n?

Nígbà púpọ̀, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìrù. Báńkì tàbí ilé iṣẹ́ tó ń yá ni ní bàálù ló ni ín. Bí àdéhùn bá parí, tàbí tí ayálò kò san owó mọ́, onílé á gba ohun ìní rẹ̀, á gbé e lọ sí aṣálẹ̀ títí yóò fi rí ayálò mìíràn.

Kí ni wọ́n ń ṣe fún bàálù lọ́jọ́ tó bá dé?

Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ìwé iṣẹ́ tí ẹni tó ṣe bàálù náà tẹ̀ jáde ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ìgbésẹ̀ rẹ̀ sì ń yàtọ̀ sí ara wọn: tí kò bá ju oṣù kan lọ, iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó bá máa kọjá oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, iṣẹ́ á di ńlá.

Wọ́n á kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́. Iyọ̀, ìdọ̀tí ẹyẹ àti epo ẹ́ńjìnnì tó ta sára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò kí oòrùn tó sè wọ́n mọ́ ọ̀dà. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbọ́n omi mímu àti omi ilé ìyàgbẹ́ dànù, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú páìpù wọn kí ó gbẹ. Wọ́n á yọ bátìrì tàbí kí wọ́n tú okùn rẹ̀.

Epo ńkọ́? Wọn kì í fa gbogbo rẹ̀ tán. Ìdí méjì ni: epo tó kù ń fún bàálù ní ìwúwo kí ìjì má baà ti í, ó sì ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù tó dí ojú ìsopọ̀ táǹkì wà ní tútù. Bí gọ́ọ̀mù yẹn bá gbẹ, á sán, táǹkì á sì máa jò lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún rọ epo sí i. Wọ́n á da oògùn apakòkòrò sínú epo náà, nítorí pé ohun tó jọ èyí tó ń mú kí búrẹ́dì bu lè hù láàárín epo àti omi tó bá ṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ táǹkì. Ó máa ń nípọn bí ògì, á dí fílítà, omi kíkan tó ń yọ lára rẹ̀ á sì jẹ alumíníọ̀mù táǹkì. Nítorí náà wọ́n ń ṣí ìdí táǹkì lóòrèkóòrè láti fa omi jáde.

Ẹsẹ̀ bàálù: wọ́n á ki pín-ìnnì sí i kí ó má ṣèèṣì ká. Ibi tó ń dán bíi dígí lára ẹsẹ̀ yẹn, tó ń wọlé tó ń jáde bí ṣọ́kù, wọ́n á nù ún, wọ́n á fi òróró pa á, wọ́n á sì wé e. Eruku tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á ha rọ́bà inú rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ bá tún mì.

Ẹ́ńjìnnì: ọ̀nà méjì ló wà. Tí bàálù bá máa tètè padà, wọ́n á máa tan ẹ́ńjìnnì ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì síra, wọ́n á sì jẹ́ kí ó gbóná dáadáa títí omi inú òróró yóò fi gbẹ. Tí yóò bá pẹ́, wọ́n á fi òróró àkànṣe rọ́pò epo nínú páìpù ẹ́ńjìnnì, wọ́n á kó àpò silica gel síwájú àti sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì dì í pa. Silica gel yìí náà ni àpò kékeré tí ẹ máa ń rí nínú páálí bàtà tuntun, àmọ́ ti ibí tóbi. Káàdì kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tó ní àmì aláwọ̀ búlúù. Tó bá ti di píńkì, ọ̀rinrin ti wọlé, wọ́n á pààrọ̀ àpò náà.

Ní ìparí, wọ́n á fi fóìlì tó ń dán bo gbogbo fèrèsé. Oòrùn ibẹ̀ lè mú kí ike inú bàálù rọ̀ kí ó sì wọ́, ó sì lè ba sikirí́ìnì iwájú awakọ̀ jẹ́. Wọ́n á fi ìdérí pa páìpù tínrín tó ń wọn eré bàálù, èyí tí wọ́n ń pè ní pitot. Aṣọ pupa gígùn ló ń so mọ́ gbogbo ìdérí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ka iye rẹ̀ sínú ìwé. Kíkà yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé wọ́n á kàn fi í sílẹ̀ ni?

Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, aṣálẹ̀ kò lè gbà á. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ kàn ń fa ìbàjẹ́ sẹ́yìn ni. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa yí bàálù náà ká: ní ọjọ́ 7, ọjọ́ 15, ọjọ́ 30, bí ìwé iṣẹ́ bá ṣe wí. Wọ́n á wo téèpù tó ṣí, wọ́n á wo ohun tó ń jò, wọ́n á ṣílẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbẹ.

Táyà ló ń fa wàhálà lemọ́lemọ́. Afẹ́fẹ́ nitrogen tó wà nínú táyà 737 tó nǹkan bí psi 200; ti mọ́tò yín kò ju 32 lọ. Bí ìwúwo bàálù bá wà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibi tó tẹ ilẹ̀ á pẹlẹbẹ, kò sì ní padà sípò mọ́. Nítorí náà wọ́n á fi tirakítọ̀ fà á síwájú díẹ̀ kí táyà lè yí, tàbí kí wọ́n fi jáàkì gbé e kí wọ́n fi ọwọ́ yí i.

Kí ló máa ń bàjẹ́ jù?

Ohun tó kéré jù ló ń pa bàálù tó jókòó. Agbọ́n, fún àpẹẹrẹ. Ẹ mọ agbọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ mọ ilé sí igun fèrèsé àti ihò kọ́kọ́rọ́. Irú rẹ̀ fẹ́ràn páìpù pitot. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1996, Boeing 757 ti ilé iṣẹ́ òfuurufú Birgenair, tó ti jókòó fún nǹkan bí ọjọ́ 20, tí kò sì ní ìdérí lórí páìpù rẹ̀ fún ó kéré tán ọjọ́ méjì, gbéra ní Puerto Plata ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic. Ẹ̀rọ tó ń wọn eré bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún awakọ̀, bàálù náà sì já sínú òkun pẹ̀lú ènìyàn 189. Àwọn olùwádìí gbà pé agbọ́n ló ṣeé ṣe jù pé ó dí páìpù náà.

Ìdérí náà sì ní ewu tirẹ̀. Nítorí agbọ́n kan náà, ní Brisbane ní Ọsirélíà, wọ́n máa ń fi ìdérí sí bàálù kódà tí kò bá ní pẹ́ nílẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 2018, A330 ti Malaysia Airlines gbéra níbẹ̀ tòun ti ìdérí lórí páìpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé kò sí ẹni tó yọ wọ́n. Orí yọ wọ́n, wọ́n padà balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka aṣọ pupa: bí 14 bá wọlé sínú ìwé, 14 gbọ́dọ̀ jáde.

Ní oṣù keje ọdún 2020, FAA, àjọ tó ń bójú tó òfuurufú ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pàjáwìrì lórí Boeing 737 tó bá ti jókòó fún ọjọ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáàfù kan nínú ẹ́ńjìnnì ni ìpẹtà mú tó sì há ní ṣíṣí, ẹ́ńjìnnì ọ̀kan sì ti kú mọ́ àwọn awakọ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí wọ́n tó pàṣẹ náà. Ọjọ́ méje péré.

Èkúté ń jẹ wáyà. Ẹyẹ ń kó pàǹtí sí ihò ìrù níbi tí ẹ́ńjìnnì kékeré wà. Ní Victorville nígbà kòrónà, ejò tó ń mi ìrù bí ṣẹ́kẹ́rẹ́ fẹ́ràn ibi táyà A380, nítorí pé ibẹ̀ lọ́ọ́wọ́rọ́. Àwọn ẹnjiníà Qantas, ilé iṣẹ́ òfuurufú Ọsirélíà, sọ igi ìgbálẹ̀ di irinṣẹ́: wọ́n á máa lu ilẹ̀ àti táyà pẹ̀lú rẹ̀ kí wọ́n tó wọ abẹ́ bàálù. Ilé iṣẹ́ tó ń ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lórí irinṣẹ́, igi ìgbálẹ̀ ló ń lé ejò fún un.

Ọyẹ́ tiwa náà gbẹ. Ṣé a kò lè ṣe é l'Ékìtì?

Ọyẹ́ gbẹ lóòótọ́, ó tó kí ètè là. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì ló ń wà, nígbà tó bá sì di oṣù kẹta òjò á ti dé. Bàálù tó jókòó ọdún méjì á rí ìgbà òjò méjì gbáko, tí ọ̀rinrin òwúrọ̀ ń kọjá ìdá 80 nínú 100. Omi á máa ṣẹ́ sínú ara rẹ̀ ní gbogbo òru, níbi tí ọwọ́ tó ń nù ún kò lè dé. Ilẹ̀ pupa tiwa tún ń rọ̀ nígbà òjò. Bí bàálù bá kúrò lórí kọnkéré, táyà rẹ̀ á rì.

Ohun tó ṣeé ṣe níbí ni ìgbà kúkúrú, ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lórí kọnkéré, pẹ̀lú àwọn tó mọ iṣẹ́ nítòsí. Tàbí kí a kọ́ ilé ńlá tí ẹ̀rọ ń fa ọ̀rinrin inú rẹ̀ síta, iná mànàmáná kò sì gbọ́dọ̀ lọ. Ẹni tó mọ iná tiwa mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí.

Apá òkè ọya ńkọ́, bí Sókótó tàbí Máídúgùrì?

Ó sàn ju tiwa lọ púpọ̀. Oṣù mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kì í sí òjò tó nítumọ̀. Àmọ́ láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án òjò ń rọ̀ kíkankíkan, eruku Sàhárà sì kúnná bí àtíkè, ó ń wọ gbogbo ihò tí téèpù kò bá dí. Ká tó wá sọ ti ààbò.

Àwọn bàálù tó ti pẹ́ ní pápákọ̀ Èkó, ṣé wọ́n ń tọ́jú wọn ni?

Púpọ̀ nínú wọn, rárá. Èyí tí a pa tì kì í ṣe èyí tí a tọ́jú. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ti ọ̀sà ń fẹ́ lù wọ́n, koríko hù yí wọn ká, ìdérí kò sí, ìwé àyẹ̀wò kò sí. Nígbà mìíràn ẹjọ́ gbèsè ló mú wọn mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ kàn wọ́n títí wọ́n á fi jẹrà. FAAN, àjọ tó ń bójú tó àwọn pápákọ̀ òfuurufú Nàìjíríà, ti pàṣẹ léraléra pé kí àwọn tó ni wọ́n kó wọn kúrò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tú bàálù palẹ̀?

Ìwé ló ń ṣáájú. Wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé orílẹ̀-èdè tó forúkọ sílẹ̀ sí. Wọ́n á fa gbogbo epo rẹ̀ tán, wọ́n á sì jẹ́ kí òórùn epo kúrò nínú táǹkì; táǹkì tó ṣófo tí òórùn epo kù nínú rẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ.

Ẹ́ńjìnnì ló ń kọ́kọ́ kúrò, torí òun ló lówó lórí jù. Ti 737 tí wọ́n ń pè ní CFM56-7B wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù méjì àti ààbọ̀. Lórí bàálù àgbà, ẹ́ńjìnnì méjèèjì lè gbà ju ìdajì gbogbo iye bàálù náà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kékeré inú ìrù, ẹsẹ̀, àwọn kọ̀ǹpútà iwájú, àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé apá sókè sódò. Ohun tí wọ́n ń yọ lára bàálù kan lè tó 1,000.

Ohun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní káàdì: nọ́ńbà rẹ̀, wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, ìgbà tó ti gbéra. Ohun tí kò ní ìwé dà bí ilẹ̀ tí kò ní ìwé; ó lè dára, àmọ́ ta ni yóò rà á? Àwọn abala kan nínú ẹ́ńjìnnì ní iye ìgbà tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá, ìwé wọn sì gbọ́dọ̀ dé ọjọ́ tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ jáde. Ní ọdún 2023, àṣírí tú pé ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti fi ayédèrú ìwé ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun èlò ẹ́ńjìnnì. Kárí ayé ni wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì wò nígbà náà.

Ewu kún inú rẹ̀. Ìgò tó ń fẹ́ ìyọ́sálẹ̀ ẹnu ọ̀nà lágbára tó láti gbé ènìyàn jù. Epo haidirọ́líìkì ń ta ojú bí ata. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ní májèlé, tí a kò gbọ́dọ̀ fà símú nígbà tí a bá ń gé e. Nínú ìrù àwọn 747 àkọ́kọ́ àti DC-10, uranium ni wọ́n fi ṣe ìwúwo kan tó ń mú ìrù dọ́gba. Èyí tó burú jù ni agolo kékeré tó ń ṣe afẹ́fẹ́ oxygen lókè orí èrò: ó máa ń gbóná bí iná. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1996, irú agolo bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ ti lọ lórí wọn, tí wọn kò fi ìdérí sí, ni wọ́n kó sínú ẹrù DC-9 ti ValuJet ní Florida. Ó gbiná, ènìyàn 110 sì kú. Tí wọ́n bá ń tú bàálù, wọ́n gbọ́dọ̀ tan gbogbo agolo yìí lò tán níta gbangba.

Nígbà tí ohun títà bá tán, katapílà tó ní ẹnu bí ẹ̀mú á wọlé. Ní ọjọ́ díẹ̀, ó parí.

Ṣé alumíníọ̀mù rẹ̀ lè di ìkòkò?

Ó lè di ìkòkò, àmọ́ ẹ má fi se ọbẹ̀. Alumíníọ̀mù bàálù kì í ṣe ojúlówó nìkan. Bàbà wà nínú irú kan, síńkì wà nínú ìkejì, ọ̀dà olóró sì wà lára méjèèjì. Àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù tó bá pò wọ́n mọ́ra kò lè mọ ohun tó jáde. Ìdí kan náà ni kò jẹ́ kí ó rọrùn láti sọ ọ́ di bàálù padà: tí wọ́n bá yọ́ méjèèjì pọ̀, ohun tó máa ń dà kò ju abala ẹ́ńjìnnì mọ́tò lọ. Ètò kan tí Airbus ṣe ní Tarbes láti ọdún 2005 fi hàn pé ìdá 85 nínú 100 ìwúwo bàálù ló ṣeé tún lò. Àwọn tuntun bíi 787, tí nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ jẹ́ fọ́nrán carbon tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, yóò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ṣeé yọ́.

Mo fẹ́ ra ọ̀kan kí n sọ ọ́ di ilé oúnjẹ l'Adó. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Accra: DC-10 Ghana Airways kan di ilé oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀. Rírà rẹ̀ kọ́ ló le, gbígbé e ni. Ara 737 fẹ̀ ní mítà 3.76, ìlà ọ̀nà kan lórí títì ìjọba kò sì ju mítà 3.65 lọ. Tó bá wà lórí tírélà, orí rẹ̀ á kọjá mítà márùn-ún, gbogbo wáyà iná láti Àkúrẹ́ gba Ìkéré wọ Adó ló gbọ́dọ̀ gbé sókè fún un. Wọ́n á gé apá àti ìrù, wọ́n á sì tún un so níbi tó bá dé. Ẹ sọ fún ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ṣáájú. Ní Ìkẹjà, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ènìyàn rí bàálù tí wọ́n ń fà lójú títì, wọ́n sì ń pariwo pé bàálù já.

Tó bá ti dúró, ẹ má di ihò kéékèèké tó wà ní ikùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde; ẹni tó bá fi sìmẹ́ǹtì dí i á rí omi lábẹ́ tábìlì oníbàárà. Ẹ fi ìdérí pa ihò ẹ́ńjìnnì, ẹ sì kun ún ní ọ̀dà funfun, torí inú rẹ̀ lọ́sàn-án oṣù kejì á gbóná bí ààrò. Ẹ̀rọ amúlétutù kan kò ní tó.

Ọmọ mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún òfuurufú wà ní Zaria láti ọdún 1964. Kí ó mú ìṣirò àti físíìsì ní ọ̀kúnkúndùn. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ọwọ́ ti NCAA, àjọ tó ń bójú tó òfuurufú ní Nàìjíríà, ló ń wá lẹ́yìn.

Mọ́tò mi jókòó ní ilé l'Ìkọ̀lé, Èkó ni mo wà. Ṣé ohun kan wà tí mo lè kọ́ nínú gbogbo èyí?

Ohun kan náà ni. Ẹ rọ epo kún táǹkì kí ẹ tó lọ. Àyè tó ṣófo nínú rẹ̀ ni omi ń ṣẹ́ sí. Ẹ tú ẹsẹ̀ bátìrì, ti odi kọ́kọ́. Ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù tó lágbára tì í lábẹ́ kí táyà má tẹ ilẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ẹni tó wà nílé máa tì í síwájú díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ má fa bíréèkì ọwọ́, á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nígbà òjò. Òkúta ni kí ẹ fi ti táyà. Ẹ má fi oúnjẹ tàbí bébà sílẹ̀ nínú rẹ̀ nítorí èkúté.

Ẹni tó bá ń bá yín tan án fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní ọjọ́ Sátidé kò ṣe yín lóore. Iná tó jó nínú ẹ́ńjìnnì ń bí omi, omi náà á sì wà nínú òróró àti sálẹ́ńsà nítorí pé wọn kò gbóná tó láti lé e jáde. Kí ó tan án fún ìṣẹ́jú 30, kí ó sì wa á yí ká àdúgbò, tàbí kí ó má tan án rárá. Tí kò bá ní tan án, kí ó fi àkísà dí ẹnu sálẹ́ńsà nítorí agbọ́n, kí ó sì so aṣọ pupa mọ́ sítíárì.